Juan: Orúkọ Tí A Kò Wolé Kí A Tó Sọ

(Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́sàn-án Sátidé kan níwájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ èdè Yorùbá àti àwọn òbí wọn. Mo tún un kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá tó gbé ọmọ wá, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó.

Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni ẹbí rán sí ṣọ́ọ̀ṣì láti lọ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, kí a lè kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Akọ̀wé ìjọ gbé ìwé ńlá kan kalẹ̀, ìwé tí ikán ti jẹ etí rẹ̀. Mo wá Àjàyí títí, n kò rí Àjàyí kankan. Bàbá akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, Jòhánù ni kí o máa wá." Ni mo bá wá Jòhánù. Jòhánù mẹ́rin ló wà lójú ewé kan náà, ọjọ́ kan náà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ogun. Orúkọ bàbá wọn ni mo fi mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Ọkùnrin tó dojú bolẹ̀ wá sáyé, tí ìyá rẹ̀ ń kì ní "Àjàyí ògídí olú, oníkànga àjípọn," ìlà kan ṣoṣo ló ní níbẹ̀, kò sì yàtọ̀ sí ìlà ẹni tó wà lókè rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti ń jà lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé mi jìnnà ju bí mo ṣe rò lọ.

Jòhánù inú Bíbélì náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní John, tí àwọn Faransé ń pè ní Jean, tí àwọn Pọtogí ń pè ní João. Lọ́dọ̀ àwọn ará Spéìn, Juan ni. Ẹ má pè é bí ẹ ṣe rí i lójú ìwé o. "Huán" ló ń dún lẹ́nu wọn. Inú èdè Hébérù ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé Olúwa ṣoore. Orúkọ tó dára ni, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn kọjá àlà. Àwa máa ń sọ pé ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni òkò yóò bà. Bí ọjà náà bá wà ní Madrid tàbí ní Havana, Juan ni yóò bà. Juan Carlos jọba ní Spéìn láti 1975 títí di 2014. Juan Perón ṣe ààrẹ Argentina, wọ́n dìbò yàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Juan Manuel Fangio, ará Argentina náà, fi mọ́tò sáré ìdíje, ó gba ife ayé lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ẹ bá béèrè Juan olókìkí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, irú àwọn wọ̀nyẹn ni yóò dárúkọ.

Èmi kò wá nítorí tiwọn. Adúláwọ̀ ni gbogbo àwọn Juan tí mo mú wá lónìí. Ẹrú ni àwọn kan nínú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ ẹrú. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó wo ilé àwọn wọ̀nyí. Àlùfáà wo ìwé àwọn ẹni mímọ́, ó bu omi sí wọn lórí, ọmọ ọlọ́mọ di Juan. Ohun tó mú mi jókòó ti ìtàn wọn ni pé púpọ̀ nínú wọn padà fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sílẹ̀, tàbí kí wọ́n kùn ún, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ Juan tí wọ́n jẹ́ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún Juan.

Ẹ jẹ́ kí n fi Juan Garrido bẹ̀rẹ̀, òun ló dàgbà jù. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí 1480. Ó dé Lisbon, ibẹ̀ ló ti di Kírísítẹ́nì. Ó ré kọjá sí Spéìn, láti ibẹ̀ ló ti bá ọkọ̀ lọ sí àwọn erékùṣù Karibíánì. "Garrido" túmọ̀ sí arẹwà. Ó tẹ̀lé Ponce de León, balógun Spéìn kan, lọ sí Puerto Rico, ó tẹ̀lé e dé Florida ní 1513, ó sì wà lára àwọn tó tẹ̀lé Cortés, balógun Spéìn mìíràn, jagun ní Mẹ́síkò títí ìlú ńlá Tenochtitlan fi wó ní 1521. N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé dúdú ni tiwa. Ogun ìjẹgàba ni ogun náà. Àwọn ará Tenochtitlan kò ṣẹ Garrido, kò sì sí ẹni tó lè fi omi wẹ ìyẹn kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀yìn ogun ló ṣe èyí tí mo fẹ́ràn. Àwọn òpìtàn Spéìn ayé ìgbà náà kọ ọ́ pé hóró àlìkámà mẹ́ta ni ó rí nínú àpò ìrẹsì, ó sì gbìn wọ́n sínú ọgbà. Mẹ́síkò kò mọ àlìkámà rí. Àgbàdo ni oúnjẹ wọn. Ó gbin hóró mẹ́ta yẹn, ó ń wò ó, ó hù. Ní 1538 ó kọ ìwé sí ọba Spéìn. Ó ní òun ti sìn fún ọgbọ̀n ọdún láìgba owó oṣù, láìgba ilẹ̀ oyè kankan, pé òun ní aya àti ọmọ mẹ́ta, pé òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbin àlìkámà ní ilẹ̀ náà, owó àpò òun ni òun fi ṣe é. Ẹ gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe sọ̀rọ̀. Ó jagun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọgbà ló tún nà sókè fún ọba pé kí ó wò. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, mo mọ irú ìgbéraga yẹn dáadáa.

Nígbà tí Garrido ń kọ ìwé yẹn, Juan mìíràn ti di ọ̀dọ́ ní Spéìn. Ní nǹkan bí 1518 ni wọ́n bí i. Ẹrú ni nínú ilé ìjòyè ńlá kan, Duke ti Sessa, Juan de Sessa ni wọ́n sì ń pè é. Ọmọ olówó rẹ̀ ń lọ kọ́ èdè Látìn, Juan ń ru ìwé tẹ̀lé e. Ẹni tó ń ru ìwé ló wá mọ ìwé jù. Ó gbà òmìnira, ó gboyè ní Yunifásítì Granada ní 1546, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ìlú náà ní gírámà Látìn. Ó fẹ́ Ana Carleval, ọmọbìnrin òyìnbó, wọ́n bímọ. Orúkọ olówó rẹ̀ tó ń jẹ́ mọ́ Juan, ó bọ́ ọ dànù. Ó mú Latino, orúkọ ìmọ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan nílé wa bá ń jẹ́ Akínwándé tó wá sọ pé òun fẹ́ máa jẹ́ Olùkọ́-Gírámà, a ó ní ó yá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkùnrin yìí, Látìn yẹn nìkan ni kò sí ẹni tó fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá a.

Ní 1573 ó tẹ ìwé ewì kan jáde ní Granada, lédè Látìn, lórí ogun ojú omi Lepanto tó wáyé ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá 1571. Balógun ogun náà ni Don Juan ti Austria, àbúrò ọba láti ìyá ọ̀tọ̀. Juan tí wọ́n rà ń kì Juan ọmọ ọba. Ohun tó wọ̀ mí lára nínú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ tó sọ sí Ọba Philip Kejì níwájú ewì. Ó ní bí ojú dúdú òun kò bá wu àwọn ìránṣẹ́ ọba, kí wọ́n mọ̀ pé ojú funfun náà kò wu àwọn ará Etiópíà. Pé lọ́hùn-ún, dúdú ni àwọn ìjòyè, dúdú ni ọba. Níwájú ọba tó lágbára jùlọ ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà ló ti sọ ọ́.

Ẹ má sì gbàgbé ibi tí ó ti ń sọ ọ́. Granada ni ìlú tí àwọn Mùsùlùmí ti ṣàkóso fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Òfin ọba jáde ní 1567 pé àwọn àtọmọdọ́mọ Mùsùlùmí ibẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ èdè Lárúbáwá mọ́, wọn kò gbọdọ̀ wọ aṣọ wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ wọn. Wọ́n dìde ogun, Don Juan ti Austria yìí kan náà ló wà lára àwọn tó lọ tẹ̀ wọ́n rì. Àwọn tó ṣòfin mọ̀ pé ẹni tí a bá gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a ti gba nǹkan ńlá.

Mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ lórí èyí tó kàn, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Juan de Pareja, Antequera ní gúúsù Spéìn ni ó ti wá. Ẹrú Diego Velázquez ni, ayàwòrán ọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ ọ̀dà, kí ó máa na aṣọ àwòrán, kí ó máa fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ní 1649 Velázquez lọ sí Ítálì láti ra iṣẹ́ ọnà fún ọba, ó mú Pareja dání. Ní Róòmù, ó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ lè rí àwòrán náà lórí fóònù yín bí ẹ bá délé. Ọkùnrin dúdú kan ni, ó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, kọ́là funfun gbòòrò wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi apá ọ̀tún gba iwájú àyà. Ojú tó fi ń wo ni, ojú ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò yẹ kí wọ́n bi í ni. Kò sí ẹ̀rù níbẹ̀. Bí mo bá wò ó pẹ́, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

Òpìtàn Spéìn kan tó kọ nípa ayé Velázquez sọ pé Pareja fúnra rẹ̀ ni ó gbé àwòrán náà lọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láti wò. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n ń wo ọkùnrin tó gbé e dání, wọn kò mọ èyí tí àwọn yóò bá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta 1650, wọ́n gbé e kọ́ sí Pantheon, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan níbẹ̀, fún gbogbo Róòmù láti rí. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá, Velázquez fọwọ́ sí ìwé òmìnira rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní ó gbọ́dọ̀ tún sìn fún ọdún mẹ́rin sí i kó tó dòmìnira, bí kò bá sá lọ, tí kò sì dá ọ̀ràn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yìn Velázquez nítorí ìwé yẹn. Èmi a máa ka ọdún mẹ́rin náà. Ọkùnrin tí gbogbo Róòmù ti wò lójú, tí wọ́n pa àtẹ́wọ́ fún àwòrán rẹ̀, tún padà sí Madrid lọ máa lọ ọ̀dà gẹ́gẹ́ bí ẹrú.

Nígbà tí ó dòmìnira, ó kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ jù wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Prado ní Madrid títí dòní: ọjọ́ tí Jésù pe Mátíù agbowó-òde. Àwòrán ńlá ni, èrò pọ̀ nínú rẹ̀, tábìlì wà láàárín. Ẹ má wo àárín. Ẹ wo apá òsì, ní ìkangun pátápátá. Ọkùnrin kan dúró síbẹ̀ tí kò wo Jésù, tí kò wo Mátíù. Ẹ̀yin tó ń wò ó ló ń wò. Bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, lára bébà náà ni orúkọ ayàwòrán wà: Juan de Pareja, 1661. Àwọn kan ń sọ pé ó kùn ojú ara rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ju bí Velázquez ṣe kùn ún lọ, pé ó tín imú rẹ̀. Lóòótọ́, àwòrán méjèèjì kò jọra tán. Ṣùgbọ́n ẹrú ni ẹni tí Velázquez yà. Ẹni tó di bébà mú ti lo ọdún méje gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí olómìnira, tó ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. N kò rò pé ó yẹ kí wọ́n jọra.

Arturo Schomburg, adúláwọ̀ ará Puerto Rico tó ń gbé ní New York, tó ń kó ìwé nípa àwọn adúláwọ̀ jọ láti gbogbo ayé, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Spéìn ní 1926. Ó ń wá Juan Latino, ó ń wá Juan de Pareja. Ó dé iwájú àwòrán tí mo ń sọ yìí, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1970, nígbà tí wọ́n gbé àwòrán tí Velázquez ya sí gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lé ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Wọn kò tíì ta àwòrán kankan ní iye yẹn rí ní gbàǹjo. Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Metropolitan ní New York ló gbé e lọ. Wọ́n ń kọrin orúkọ Velázquez lọ́jọ́ yẹn. Ó di 2023 kí ilé náà tó ṣe ìpàtẹ tí wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ Pareja fúnra rẹ̀ jọ, wọ́n sì fi ti Schomburg kún un. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́, ó sì dùn mí pé ó pẹ́.

Mo ti ń gbọ́ kí ẹnì kan máa béèrè lẹ́yìn lọ́hùn-ún pé kí ni ó kan Yorùbá níbẹ̀. Ó kàn wá gidi. Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Kúbà.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa dé Kúbà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pàápàá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe ìrìbọmi fún wọn, wọn a fún wọn ní orúkọ ẹni mímọ́, wọn a sì fi orúkọ ẹ̀yà wọn ṣe orúkọ bàbá: Juan Lucumí, José Lucumí, Carlota Lucumí. Carlota yẹn ló wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato ní 1843. Juan Lucumí kún inú ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé oko, débi pé ẹni tó bá ń ka ìwé wọ̀nyẹn kò ní mọ èyí tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, èyí tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, èyí tó jẹ́ pé Ìdòwú ni ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí a rí dáadáa. Juan Nepomuceno Prieto, ọmọ ilẹ̀ wa, ó ti ṣe sójà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn adúláwọ̀ ní Havana, ó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn Lùkùmí níbẹ̀. "Prieto" túmọ̀ sí dúdú. Ìjọba Spéìn gba àwọn ẹ̀yà láyè láti ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń lùlù, tí wọ́n ń sin òkú ara wọn, tí wọ́n ń dáwó ra ara wọn kúrò lóko ẹrú. Lójú ìjọba, Santa Bárbara, ẹni mímọ́ obìnrin kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ni ẹgbẹ́ Prieto ń bọ. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó wà lẹ́yìn Santa Bárbara ní Kúbà, Ṣàngó ni. Ní oṣù Keje 1835, àwọn Lùkùmí kan dìde ìjà ní Havana, ọlọ́pàá sì kó Prieto, arúgbó ológun, wọ́n fi ìbéèrè wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì tú ilé rẹ̀. Nínú ìwé ọlọ́pàá ni a ti mọ ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí. Mi ò lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí inú mi má bàjẹ́, pé àwọn tó wá mú ènìyàn ni wọ́n tún pa ìtàn rẹ̀ mọ́ fún wa.

Ibì kan wà tí wọ́n ti kọ orúkọ ilé. Ọkọ̀ ẹrú tí àwọn ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì bá mú, wọn a máa kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan ní Havana. Ìgbìmọ̀ yẹn kọ orúkọ tí olúkúlùkù mú ti ilẹ̀ rẹ̀ wá, ó kọ orúkọ ìrìbọmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀, àti ilà tó wà lójú rẹ̀. Orúkọ Yorùbá wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, bí etí akọ̀wé Spéìn ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ Yorùbá, kí ó rọra pè é sókè, yóò gbọ́ orúkọ náà bó ṣe ń yọ jáde. Àwọn ọlọ́rìṣà Kúbà ní tiwọn kò jẹ́ kí ó parẹ́. Títí dòní, ìyàwó òrìṣà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà tán, wọn a fún un ní orúkọ Yorùbá: ti Yemọja sábà máa ń ní "Omi" nínú, ti Ṣàngó a máa ní "Ọba". Remigio Herrera, babaláwo ńlá tó gbé ní Regla lẹ́bàá Havana, Adéṣínà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Juan Francisco Manzano kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kúbà ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí 1797, nínú ilé obìnrin ọlọ́lá kan. Manzano ni orúkọ ìdílé olówó wọn. Igi ápù ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó kọ ewì láti kékeré, ó ń tọ́jú rẹ̀ sórí nítorí kò mọ̀wé kọ. Nígbà tó di ẹrú ọmọ ilé náà kan, Don Nicolás, ó rí i pé ọ̀gá òun máa ń jókòó kọ̀wé lójoojúmọ́. Ó fi owó tó ní ra kálàmù àti bébà tó fẹ́lẹ́. Bébà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti rún dànù, òun a ṣà á, a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a fi bébà fẹ́lẹ́ lé e lórí, a sì máa fi kálàmù tọ ìlà tó hàn lábẹ́. Gbogbo ilé á ti sùn, òun á tan àjẹkù àbẹ́là. Láàárín oṣù kan, lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ ti jọ ti ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà rí i, ó ní kí ó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kò yẹ irú rẹ̀, kí ó wá aṣọ rán. Juan gbé abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án, ó sì padà sídìí àbẹ́là lálẹ́.

Ṣáájú ìyẹn, ìyáàfin rẹ̀ ìgbà náà burú ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹyọ kan péré. Ọmọdékùnrin náà ń rìn nínú ọgbà òdòdó, ewì ló ń yí po nínú orí rẹ̀, kò mọ ìgbà tó já ewé kékeré kan tó ní òórùn dídùn, tó ń fi ìka rún un. Ìyáàfin pè é wọlé. Obìnrin náà gbọ́ òórùn ewé lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí ewé kan yẹn ni wọ́n ṣe tì í mọ́ yàrá tí wọ́n máa ń tẹ́ òkú sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ààbà, òun nìkan, títí ilẹ̀ fi mọ́; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n nà án. Ọmọ tó lè tó àwọn tó jókòó níwájú mi yìí ni.

Ní 1836, ó ka ewì rẹ̀ kan sókè níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń pé jọ sílé Domingo del Monte ní Havana. Ewì nípa ọgbọ̀n ọdún tó ti lò láyé ni. Wọ́n dáwó jọ lórí ẹ̀, wọ́n sì fi owó náà rà á sílẹ̀. Ṣáájú àkókò yẹn ni Del Monte ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ó sì ti kọ ọ́, bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ létí ló ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀ka méjì ni, èkejì sọnù. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó kù fi kọ́kọ́ jáde, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1840. Èdè tí ó fi kọ ọ́ gan-an, ó di 1937 kó tó jáde. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹrú lábẹ́ Spéìn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun nìkan ni a mọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà tí oko ẹrú ṣì wà. Ní 1844 ìjọba fura pé àwọn adúláwọ̀ ń gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀, wọ́n kó o mọ́ wọn sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, kò tún tẹ nǹkan kan jáde mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀kan ló kù, ayọ̀ ni ti òun, ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n Manzano, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje 1854, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní oko ìrèké kan ní Matanzas. Ẹrú ni ìyá rẹ̀, Serafina Ferrer, ẹrú ni bàbá rẹ̀, Fermín Gómez. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí i ni wọ́n ti san owó òmìnira rẹ̀. Inú ìyá ló wà tí wọ́n ti rà á sílẹ̀. Ọjọ́ kejìlá oṣù Keje jẹ́ ọjọ́ Juan Gualberto nínú ìwé àwọn ẹni mímọ́, ìyẹn ni wọ́n fi pè é ní Juan Gualberto Gómez, bí àwa ṣe ń pe ọmọ ní Abíọ́dún tàbí Abọ́sẹ̀dé. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn òbí tó ti fi owó òógùn wọn gbà á ló ń pè é bẹ́ẹ̀, èmi gbà pé ẹni yìí ni wọ́n wolé kí wọ́n tó sọ.

Wọ́n rán an lọ sí Páríìsì ní 1869 láti kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣíṣe. Ó di akọ̀ròyìn. Ó padà sí Kúbà, ó bá José Martí, aṣáájú ìjà òmìnira Kúbà, dọ́rẹ̀ẹ́, ó dá ìwé ìròyìn La Fraternidad sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀, Spéìn sì lé e kúrò nílùú fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó dé padà, ó kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn pé ó yẹ kí Kúbà yà kúrò lára Spéìn. Wọ́n gbé e lọ ilé ẹjọ́, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Madrid ní 1891, ilé ẹjọ́ ní kò ṣẹ̀ sófin: ẹni tó bá fi ẹnu àti ìwé béèrè òmìnira kò dá ọ̀ràn. Fojú inú wò ó, ọmọ ẹrú lọ gba ìdájọ́ yẹn láàárín àgbàlá àwọn tó ń jọba lé e lórí. Ní 1895, nígbà tí ogun òmìnira fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun ni àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ ní Havana. Ìtàn tí àwọn ará Kúbà ń sọ ni pé inú sìgá ni wọ́n ká ìwé náà sí.

Spéìn lọ, Amẹ́ríkà dé. Ní 1901 Amẹ́ríkà ní àwọn kò ní kúrò àfi bí Kúbà bá kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé Amẹ́ríkà lè wọlé bó bá ṣe wù ú. Gómez dìde nínú ìgbìmọ̀, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa, kí wọ́n máa wọlé tọ̀sán tòru, ìgbàkígbà. Wọ́n dìbò, ó pàdánù. Kò yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Nígbà tó darúgbó, ààrẹ Machado, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bínú sí nígbà náà, fún un ní oyè ńlá kan, wọ́n fi àgbélébùú oyè kọ́ ọ láyà. Ó gbà á, ó sì sọ fún wọn pé Juan Gualberto tó ní àgbélébùú kò yàtọ̀ sí Juan Gualberto tí kò ní. Ó kú ní 1933.

Bí ẹ bá wọ bàálù lọ sí Varadero, etíkun tí àwọn òyìnbó ti ń lọ gba afẹ́fẹ́ ní Kúbà, orúkọ tí wọ́n kọ sára pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ ni Juan Gualberto Gómez. Agbègbè Matanzas ló wà, agbègbè kan náà tí Fermín àti Serafina ti ka owó lé olówó wọn lọ́wọ́ nítorí ọmọ tí wọn kò tíì rí.